Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Orpha

Ní ìgbèríko tiwa yìí ní Kansas, bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ, àlejò ni, tàbí pásítọ̀, tàbí ẹni tó wá túfọ̀. Ará ilé kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, láti ilé ìdáná, bàtà wọn á kún fún ẹrẹ̀, wọn á sì ti máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n ń bá sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, a kì í tì í. Bí aládùúgbò bá gbọ́ pé o ń ti tìrẹ, á bi ọ́ pé ta lo ń pè ní olè nínú wa.

Orpha tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ mi sì ni. A jọ lọ sílé ìwé ni, àgbẹ̀ alálìkámà ni àwa méjèèjì fẹ́, ilé rẹ̀ ló sì dojú kọ tèmi ní òdìkejì ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ojú lásán ló fi ń pa àwọn ọmọ aláriwo lẹ́nu mọ́, mi ò sì rí i kí ẹ̀rù bà á rí, àfi ìgbà tí Glenn ọkọ rẹ̀ kú tó wá ku òun nìkan nínú ilé ńlá yẹn, ilé tí ìyá rẹ̀ bí i sí.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì tí a ò mọ̀ rí wa ọkọ̀ wọ àgbàlá rẹ̀. Wọ́n ní ajá wọn ló sọnù. Wọ́n rìn yí abà ká, wọ́n yọjú wo ibi tí ẹ̀rọ ìkórè wà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Orpha sọ fún mi pé òun ì bá má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wá ajá kiri, wọn ò pe orúkọ ajá kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè sùn mọ́.

Kendall ọmọ rẹ̀ tó wà ní Wichita gbọ́, ó sì ti rí ohun tó ń wá. Ó ní kí ìyá òun ta ilé, kó wá sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn àgbàlagbà sí nítòsí òun, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gun òkè, tí wọ́n sì ń fi àtẹ́wọ́ kọrin lọ́sàn-án. Orpha ní kó máa wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwa méjì, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi.

"Nadine, bí mo bá débẹ̀, mi ò ní pẹ́ kú. Bí mi ò bá sì rí oorun sùn níbí, wọn á gbé mi débẹ̀ náà ni."

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bó bá rí oorun sùn, á dúró sílé ìyá rẹ̀. Bí kò bá rí i sùn, ilé di títà. Ló bá ní òun fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́, torí pé ìbọn gígùn tí Glenn fi ń lé ajáko kò ṣe é yí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró.

Èmi náà ni mo tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù wo àwa méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ìbọn kékeré aláwọ̀ píǹkì kan jáde. Ó ní èyí ni àwọn obìnrin fẹ́ràn, pé ó fúyẹ́, ó sì wọ inú báàgì. Orpha bi í bóyá wọ́n máa ń ta bèbí rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá, ó ní kí òun fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fà á kí ọta tó lè bọ́ sípò. Ó fà á títí, kò mira. Làkúrègbé ti jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń fa ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ, inú sì ń bí mi sí ọmọkùnrin yẹn, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Geneva ni a wá lọ bá. Ọlọ́pàá ni Geneva tẹ́lẹ̀ ní agbègbè wa, ó kéré sí wa díẹ̀, àárọ̀ Sátidé ló sì máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìbọn yíyìn lẹ́bàá òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Kò bi Orpha léèrè pé irú èwo ló wù ú. Ó ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kí òun wò ó, ó sì kó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún un láti yìn wò, bí ẹni ń wọ bàtà wò kó tó rà á. Àwọn fífúyẹ́ yẹn ló ń ta ọwọ́ jù. Orpha yin ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú orí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èyí tó wá mú jẹ́ irin dúdú wíwúwo, irú ti àtijọ́, tí àgbá rogodo inú rẹ̀ ń yí. Kò sí ohun tí wọ́n ń fà sẹ́yìn lórí rẹ̀. Bí o bá ṣí àgbá yẹn, o ti rí gbogbo ihò rẹ̀, o ti mọ̀ bóyá ọta wà níbẹ̀.

Mo ní ó wúwo o. Orpha ní ọmọ tí òun gbé sápá rí wúwo jù ú lọ.

Geneva ní àṣà kan tó kọ́kọ́ bí Orpha nínú. Bó bá fẹ́ gbé ìbọn fún ọ, á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á ti ìka bọ àwọn ihò yẹn, kó tó nà án sí ọ ní ṣíṣí. Ìwọ tó o gbà á náà gbọ́dọ̀ tún wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣojú rẹ ló ti wò ó. Orpha ní ṣé òun ò rí i ni, ṣebí ìsinsìnyí ló wò ó.

"Ojú tèmi ni mo fi wò ó," Geneva ní. "Ẹ fi tiyín náà wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ló kọ́ wa títí. Ó ní ká máa fojú ìbọn tó lọ́ta wo gbogbo ìbọn, àní èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ká má sì kọjú ẹnu rẹ̀ sí ohun tí a ò fẹ́ kó kú. Ìka tí o fi máa yìn ín, kó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, kó má dé ibi tí wọ́n ń fà títí wàá fi mọ̀ dájú pé o fẹ́ yìn ín. Orpha fi kọ́ra débi pé bó bá di ife kọfí mú pàápàá, ìka yẹn á nà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Geneva tún ní bí olè bá wọlé, kí a má wá a lọ. Ká dúró sí yàrá, ká pe ọlọ́pàá, ká lọgun bi í pé ta ni, torí ọta kì í dúró lára pákó ògiri, ẹni tí o ò bá sì rí ojú rẹ̀, o ò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní kí ìbọn má sùn lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú àpótí irin onínọ́ńbà ni kó máa wà. Orpha ra àpótí yẹn, ó sì dè é mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Geneva bèèrè pé ta ló ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nínú wa. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rín in jù. Geneva ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó kàn ń ka ọta rẹ̀ padà sínú páálí.

Oorun padà sójú Orpha. Ó tún ń se ọbẹ̀ ata ẹlẹ́wà tirẹ̀, ó ń yan búrẹ́dì ṣúgà tí a fi ń jẹ ẹ́, Kendall sì dákẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Merle ni mi ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò Orpha ni, òun nìkan ló kù fún un nínú ọmọ ìyá. Ilé alágbèéká onítáyà kan nísàlẹ̀ ọ̀nà ló ń gbé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Glenn ti kú, ìdájí ni yóò ti wa ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń hó yee wá, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, á gbé kọfí kaná kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jí. Etí rẹ̀ ti di. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i létí, ṣùgbọ́n ó ní ó ń súfèé sí òun, inú àpò ẹ̀wù ló ń fi í sí.

Ní ìgbà òtútù yẹn, Merle lọ sí Nebraska lọ wo ọmọ rẹ̀, ó ní ọjọ́ Àìkú ni òun á dé. Ó gbọ́ pé yìnyín ń bọ̀, ló bá tètè gbéra, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Píkọ́ọ̀pù rì sínú kòtò nítòsí afárá, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Orpha kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú kóòtù tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà fún un.

Ohun tí Orpha gbọ́ ni àga tó wọ́ nílẹ̀ ní ilé ìdáná. Kò gbọ́ píkọ́ọ̀pù. Ó ṣí àpótí, ó gbé ìbọn, ó pe ọlọ́pàá, wọ́n ní kó dúró sí yàrá. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná, ilẹ̀kùn yàrá náà kò sì pa dé dáadáa. Ó rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ńlá nídìí ààrò. Ó lọgun pé ta nìyẹn. Ọkùnrin náà ò wẹ̀yìn. Ó tún lọgun, ó ní òun mú ìbọn lọ́wọ́. Kò sí èsì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní gbogbo ìgbà yẹn, ìka òun nà gbọọrọ síbi tí Geneva ní kó wà.

Ọkùnrin náà wá na ọwọ́ òsì, kò wo ibẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ tí ṣíbí wà.

Orpha sún sẹ́yìn. Ó fi ìbọn padà sínú àpótí, ó sọ fún ọlọ́pàá pé àbúrò òun ni, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí Merle fi kígbe pé kọfí ti hó. Kò sọ nǹkan kan fún un. Èmi ló wá bá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sọkún ní ilé ìdáná mi, mo sì sọkún pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a nu ojú tán, ó ní, "A ra ìbọn, Nadine. A ò ra kọ́kọ́rọ́." Lóòótọ́, nígbà tí a lọ wo ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀dà ti dí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ayé ìyá rẹ̀.

Ó pe káfíńtà, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i, ó sì fún Merle ní ọ̀kan. Merle wò ó lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ejò ni. Ó ní ta ló fún ìyá wọn ní kọ́kọ́rọ́ sí ilé yìí. Ó ní òun mọ̀ pé Kendall ló wà nídìí rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, ó sì lọ. Kò wá mu kọfí ní ọjọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo bá Orpha jà pé kó sọ òótọ́ fún un. Ojú ń tì í. Ó ní báwo lòun ṣe máa sọ fún àbúrò òun pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yìnbọn lù ú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ wà nídìí kọfí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú. A wo ara wa. Orpha lọ ṣí i. Merle ló dúró síbẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó gbé e sí àyà.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní. "Ṣé Orpha wà nílé?"

Mo ti ń dìde kí n bú u, Orpha sì di ọwọ́ Merle mú, ó fà á gba inú ilé títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ní kó fi ẹ̀rọ sí etí. Merle fi í sí i.

"Ibí ni mo dúró sí," Orpha ní. "Ọjọ́ tó o ti Nebraska dé. Ìwọ wà nídìí ààrò. Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Mo tún pè ọ́."

Merle wo ibi ààrò. Ó wo ilẹ̀ tó wà láàárín.

"Ìbọn ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló wà."

"Kí ló dé tí ẹ ò yìn ín, Sísì?"

"O fa dúrọ́ọ̀ ṣíbí. O ò wò ó."

Merle jókòó. Kọfí tèmi ló gbé mu, kò tilẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, Orpha sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Láti ìgbà náà, ní ìdájí, bí píkọ́ọ̀pù bá ti hó yee tó kú, Merle á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á lọgun bí adití ṣe ń lọgun, pé "Sísì, èmi ni o! Merle ni!" Ajá mi á máa gbó, oorun mi á dá. Mo máa ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n mi kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí màá fi gbọ́ ohùn Orpha láti òdìkejì ọ̀nà, tí yóò lọgun padà pé, "Mo gbọ́ ọ. Wọlé."