Ẹnu Tí Mo Yá Bàbá Ìlú

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi ń rántí ìjọba yẹn. Òun ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá Ìlú ní Òṣogbo, láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn òyìnbó ti bá tiwọn lọ, tí sájẹ́ǹtì kan tó ti ogun Bọ́mà dé sì ti gba ìjọba mọ́ àwọn tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì yìí ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní nǹkan mìíràn, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa pè é.

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà ní Iléṣà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ka irọ́ pípa sí àìsàn. Rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Ìlú, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Wọ́n fi mọ́tò ìjọba wá gbé mi. Mo rò pé torí mo mọṣẹ́ ni. Mo tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo bá nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó mọṣẹ́ jù mí lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ti fò lọ lẹ́nu Bàbá Ìlú. Ìjẹ̀ṣà oko Iperindo tí wọ́n ti bí i nìkan ló kù, ẹnu wíwọ́ náà ló sì fi ń sọ ọ́. Kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọ Iperindo ni ìyá mi.

Àwọn méjì ló ń di ìjọba mú: Olórí Ọlọ́pàá, tó ga, tí kì í jókòó, àti Akọ̀wé Ìjọba, tó kúrú, tí kì í dìde. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ jogún àga. Kò sí èyí tó lè fi èkejì sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú aláìsàn, nítorí náà wọ́n jọ máa ń wá láràárọ̀ bíi tọkọtaya.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Ìlú sọ̀rọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí:

"Wọ́n ní eṣinṣin kan ń yọ àwọn lẹ́nu, kí ẹ bá àwọn lé e."

Orí imú rẹ̀ ni eṣinṣin náà wà. Gbogbo wa la rí i. Mo fi aṣọ ìnura lé e. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀, Olórí Ọlọ́pàá sì ti mi orí. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti lọ mú Mínísítà Ojú Ọ̀nà nílé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba. Òun nìkan ni ẹni tí àwọn méjèèjì jọ kórìíra.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mínísítà náà wá bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Kò sunkún.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá Ìlú sọ gan-an?"

"Eṣinṣin ni, mà. Eṣinṣin gidi."

"Ọkọ mi kì í lè mí dáadáa bí òtútù bá mú un," ó ní. "Orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n ní ó ń sùn." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo ti rò pé àwọn tó ń sọ̀sọkúsọ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. N kò mọ̀ pé òótọ́ náà ń fọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Akọ̀wé fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní bí Bàbá Ìlú bá dárúkọ ẹni tí yóò rọ́pò òun, kí n fetí sílẹ̀ dáadáa, torí orúkọ tòun kò ṣòro gbọ́. Olórí Ọlọ́pàá náà fà mí sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní òun mọ ilé bàbá mi ní Òṣú, pé ilé náà dára, òun ò ní fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, sà." Inú àwọn méjèèjì dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Ìlú sọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ẹ̀yìn tó ń yún un. Akọ̀wé gbé kálàmù.

"Wọ́n ní kí ẹ tú Mínísítà Ojú Ọ̀nà sílẹ̀," mo ní. Ohùn mi dà bí ohùn ẹlòmíràn létí ara mi. "Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́."

Olórí Ọlọ́pàá wo Akọ̀wé, Akọ̀wé wo Olórí Ọlọ́pàá. Ẹni tó bá pè mí ní òpùrọ́ lónìí, kí ni yóò wí lọ́jọ́ tí mo bá dárúkọ rẹ̀? Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ẹnu Bàbá Ìlú ni Yorùbá ti fò lọ, kò fò lọ létí rẹ̀. Ó yíjú sí mi. Ó fi ìlàjì ẹnu rẹ́rìn-ín, ó sì fi Ìjẹ̀ṣà sọ fún mi pé ọmọ yìí, ìwọ náà ti ń ṣèjọba.

"Kí ni wọ́n tún wí?" Olórí Ọlọ́pàá bèèrè.

"Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, sà."

Nígbà tí wọ́n jáde, mo bá a họ ẹ̀yìn.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tó fi kú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì lé ara wọn kiri títí àwọn ṣójà kan tí a ò mọ̀ rí fi kó wọn pọ̀ sí ẹ̀wọ̀n kan náà. Mo padà sí Iléṣà, mo lọ́kọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Mínísítà Ojú Ọ̀nà wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀ mí. Ó ń sọ fún àwọn tó jókòó pé aláàánú ni Bàbá Ìlú, àwọn ènìyàn burúkú ló yí i ká. Pé lórí ibùsùn ikú ló ti rántí òun. Ó ní àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í ń wò mí. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ ká apá aṣọ sókè.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ nípa Bàbá Ìlú nílé ìwé. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ líle rẹ̀ fún mi, ó pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tó wà nínú ìwé náà, pé kí wọ́n tú mínísítà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ pé ó sọ, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ dájú pé kò sọ.