Orin Tí Wọ́n Ní Ẹ̀mí Ló Fún Wa

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, sùtánà funfun ni mò ń wọ̀, mo sì ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó fara ti ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú orin wo ni mo fẹ́ràn, orin ìyìn ni mo máa ń dá a lóhùn. Irọ́ ni. Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni òyìnbó mẹ́rin kan tó ń ta gìtá bí ẹni pé gìtá náà ṣẹ̀ wọ́n, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó mọ̀ wọ́n á ti mọ̀ wọ́n, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún un?

Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà nígbà tí mo dé ìlú yìí wà ní Morris Walk, ní Woolwich, lókè pátápátá. Wọ́n ti ń wó àwọn ilé náà báyìí, wọ́n ń kọ́ tuntun tí irú wa ò ní lè gbé. Ẹni tó gbé yàrá náà ṣáájú mi fi ẹ̀rọ orin kékeré kan sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àti àwo orin kan ṣoṣo. Òtútù ń pa mí, mi ò mọ ẹnì kankan, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ náà kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo lásán ni létí mi, mo sì pa á. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo tún tàn án, nítorí ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn burú ju ariwo lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mo ti mọ ibi tí onílù máa ń dákẹ́ kí gìtá tó wọlé, mo sì ń dúró dè é pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tí ìrẹsì ń tutù níwájú mi.

Àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn mi lórí fóònù. Ó bi mí pé ṣé ìkòkò ló ń ṣubú nílé mi ni. Mo ní àwọn ará ilé kejì ni. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ àwọn òyìnbó mẹ́rin mi.

Ilé ìkàwé ni mo ti ka ìtàn wọn. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n, láti ìlú kékeré kan létí òkun lápá àríwá. Inú ibi tí bàbá ọ̀kan nínú wọn ń gbé mọ́tò sí ni wọ́n ti ṣe àwo àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó rà á. Èkejì, ìyẹn èyí tí mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ló gbé wọn jáde. Wọ́n wá ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n gbé gìtá tì, dùùrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú sì bí àwọn olólùfẹ́ wọn. Àwọn oníwèé ìròyìn kọ ọ́ pé wọ́n ti pàdánù ara wọn. Àwa náà máa ń sọ pé a kì í mọ̀ ọ́n gún kí iyán ewùrà má lẹ́mọ, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹmọ kankan nínú ìyẹn. Ọdún tó jáde ni ọkọ mi ránṣẹ́ láti ilé pé kí n má ṣe wàhálà àtibọ̀ mọ́, òun ti fẹ́ ẹlòmíràn. Àwo yẹn ló bá mi gbé ọdún náà parí.

Lẹ́yìn náà ni onílù bínú fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n tú ká, wọ́n dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún padà dé pẹ̀lú ewú lórí. Èmi náà ti ní ewú nígbà yẹn. Mi ò fojú kàn wọ́n rí, torí ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń ṣeré, ìrọ̀lẹ́ Sátidé sì ni èmi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóògùn. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Woolwich tí rédíò ń kọ orin àwọn ọ̀dọ́ olórin tuntun, mo máa ń dúró gbọin sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń fa ohùn yẹn, bí gìtá ṣe ń pẹ́ kó tó wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi, òyìnbó mẹ́rin yẹn, ni wọ́n ti jí i. Inú á bí mi, inú mi á sì dùn. Kò wá sí ẹni tí mo lè yíjú sí kí n sọ fún.

Ẹni kan ṣoṣo tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun nínú ìlú yìí ni Mọ́mì, bí gbogbo wa ṣe ń pe olórí akọrin wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn, ilé wọn kò sì jìnnà sí tèmi ní South Thamesmead. Ní ìjọ wa, orin a máa wá láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀mí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú ìran á sọ fún akọ̀wé, akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni náà, ìjọ á sì kúnlẹ̀ kọ ọ́ nígbà mẹ́ta kí ọwọ́ tó kan ìlù. Àìmọye orin ló ti gba ẹnu Mọ́mì wọlé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé fìtílà Mọ́mì ti kú, pé kí wọ́n gbé ipò olórí akọrin fún ẹni tó kéré sí wọn. Àwọn ará wa náà kì í mọ̀ ọ́n sọ lábẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Mọ́mì ń gbọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó kan àwa obìnrin láti tún ilé Ọlọ́run ṣe. Èmi àti Mọ́mì nìkan la yọjú. Orúnkún ń dùn wọ́n, mo bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn àga àwọn akọrin. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Mò ń nu ilẹ̀ lọ, kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin kẹrin inú àwo mi, èyí tó rọra ń lọ, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Páànù ni òrùlé ilé ìkẹ́rùsí náà, ó sì ga. Ohùn mi ń lọ sókè, ó ń padà bọ̀ bí ohùn ẹlòmíràn. Ó dùn mọ́ mi, mo bá kọ ọ́ dé òpin.

Nígbà tí mo yíjú padà, Mọ́mì ti dìde jókòó, omijé ń dà lójú wọn, ọwọ́ wọn méjèèjì sì wà lókè. “Ó ti dé,” ni wọ́n wí. “Mo gbọ́ ọ látòkè. Ọlọ́run ò gbàgbé mi.” Wọn ò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò àti ìwé.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo dúró ti mọ́ọ̀pù bí ère. Mo lè sọ pé nítorí ayọ̀ ojú wọn ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ kí ìjọ mọ irú orin tí mò ń gbọ́. Mo ti sẹ́ àwọn èèyàn mi fún àbúrò mi, mo tún sẹ́ wọn nínú ilé Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé kọ orúkọ Mọ́mì sínú ìwé, a sì kúnlẹ̀. Mọ́mì ti fi ọ̀rọ̀ sí i: Bàbá, mo ti dé ẹnu ọ̀nà Rẹ, ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta la kọ ọ́ dé kí ìlù tó wọlé, mo sì bú sẹ́kún. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ pé Ẹ̀mí ti gùn mí. Kì í ṣe Ẹ̀mí. Láti ọdún tí mo ti wà ní Morris Walk, èmi nìkan ni mò ń kọ nǹkan yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn tó yí mi ká, tí àwọn ọkùnrin gbé ohùn wọn sísàlẹ̀, tí àwọn obìnrin gbé tiwọn sókè.

Ọdún méjì la fi kọ ọ́. Ẹ̀ka ìjọ wa ní ìlú míì bèèrè rẹ̀, èyí tó wà ní Ìjẹ̀bú náà ń kọ ọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn tó ń kọ nípa àwọn tó tẹ̀lé ipasẹ̀ ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin náà kò gbọ́ nípa wa. Ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ fìtílà Mọ́mì mọ́. Bí wọ́n bá ń kọjá, àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ kí wọn. Èmi ń dúró de ọjọ́ Ìsinmi bí ọmọdé ṣe ń dúró de ọdún. Síbẹ̀, inú mi kì í dùn tán. Mi ò lè fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni ẹ̀gbẹ́ mi kí n ní, ibí yìí gan-an ni gìtá ń wọlé.

Lọ́dún yìí ni ẹgbẹ́ náà kéde pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo kà á lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń bọ̀ látibi iṣẹ́. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi gan-an, mi ò ní purọ́. Mo wo gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù mi, mi ò rí ẹni tí mo lè pè. Mo bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀ mi, mo gba etí adágún omi lọ sílé Mọ́mì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé tíì síwájú mi.

“Ta ló kú?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pé àwọn olórin kan ni, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rí ojú mi, wọn ò rín in. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. “Mọ́mì, ẹ forgive mi. Orin ọjọ́ Sátidé yẹn, èmi ni mò ń hum ẹ̀ nígbà tí mò ń mop. Orin wọn ni.”

Mọ́mì ń yí ìbòrí wọn ká lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ. Mo wá orin náà lórí fóònù mi, mo ki íápíìsì bọ̀ wọ́n létí. Wọ́n di ojú, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, ìka wọn ń lù lórí orúnkún, nígbà tó yá, ìka náà dúró.

“Ọkùnrin yìí ń sunkún,” ni wọ́n wí. “Kí ni wọ́n ṣe fún un?”

Mo ní mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nípa rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i, wọ́n sì yọ íápíìsì ẹyọ kan fún mi. A jókòó bẹ́ẹ̀, etí kan fún wọn, etí kan fún mi, tíì ti tutù. Mi ò rò pé mo ti ní ọ̀sán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú òyìnbó. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní inú wọn dùn ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo rìn délé, ara mi fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan orin náà, Mọ́mì dìde, wọ́n ní kí akọ̀wé gbé ìwé wá. Wọ́n ní kó fagi lé e. “Kì í ṣe Ẹ̀mí ló fún mi,” ni wọ́n wí. “Àṣìṣe ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tọrọ lọ́wọ́ yín.” Wọn ò dárúkọ mi. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n bọ́ okùn tó jẹ́ àmì olórí akọrin kúrò lọ́rùn, wọ́n fi lé ìgbákejì wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rọra rìn lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn irin.

Mo lè dìde. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni, mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mi ò dìde. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé òun ti ń fura tipẹ́. Olórí akọrin tuntun gbé orin mìíràn, mo sì bá wọn kọ ọ́.

A ò kọ orin yẹn mọ́. Bọ́ọ̀sì kan náà lèmi àti Mọ́mì ṣì jọ ń wọ̀ délé, wọ́n sì ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yọ íápíìsì kan, mo nà án sí wọn. Wọ́n wò ó lọ́wọ́ mi, wọ́n mi orí, wọ́n sì rọra ti ọwọ́ mi padà.

“Máa gbọ́ ọ, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Tìẹ ni.”