Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi Dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ríran. Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Ó wà ní kíláàsì kẹta nílé ìwé gíráámà nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó ń fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà tó ti ń gbà wọlé láti kékeré. Kí ọdún náà tó parí, ìmọ́lẹ̀ ti lọ pátápátá. Bàbá wa, tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Ìrẹsà, gbé e káàkiri ilé ìwòsàn, ó gbé e káàkiri òkè àdúrà, pàbó ló já sí. Níkẹyìn wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Ọ̀yọ́ ló ti kàwé jáde, ibẹ̀ ló ti di tíṣà, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ló sì ti sin ìyàwó náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká sí ìlú mìíràn. Èmi ni àbúrò tó tẹ̀ lé e. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú ìjọ wọn tó ti òkè òkun dé ló fún un ní láptọ́ọ̀pù kan. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ka ohunkóhun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn gbígbẹ, Gẹ̀ẹ́sì òyìnbó pọ́ńbélé. Tó bá dé orí orúkọ Yorùbá, á máa pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kan wà nínú ètò náà tí èèyàn ti lè kọ́ ọ. O máa kọ orúkọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, lẹ́yìn náà wàá kọ ọ́ lọ́nà mìíràn tí ohùn náà á fi lè pè é dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé rẹ̀, nígbà tí kíláàsì tuntun bá sì wọlé, á gba orúkọ gbogbo wọn, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa já orúkọ sí wẹ́wẹ́, á fi lẹ́tà kún ún níhìn-ín, á yọ lẹ́tà kúrò lọ́hùn-ún, títí ohùn náà á fi pè é bí ìyá ọmọ náà ṣe ń pè é. Mo bá a lọ́jọ́ kan tó ń bá orúkọ ọmọ kan ṣoṣo jìjàkadì fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí ohùn náà pè é tó yọ kedere, ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“O káre, ọmọ òyìnbó! O ti ń di ọmọ Ọ̀yọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, ohùn yẹn nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Nígbà mìíràn tí mo bá pè é lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń ka ìwé ìròyìn fún un.

Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Ìyá Ìbejì, kọ̀ǹpútà yìí ti fẹ́ dá mi lágara. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, á ní àwọn tó ṣe Wíńdóòsì tí òun ń lò fẹ́ jáwọ́ nínú títọ́jú rẹ̀. Á ní kí n gba tuntun.”

“Ẹ gbà á nígbà náà, Bọ̀dá mi.”

“Tí mo bá gbà á, ṣé ohùn mi á bá mi débẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn la fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sọ. Ó nídìí tó fi yẹ kó yí i. Ọ̀gá ilé ìwé wọn ti sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo tíṣà yóò ti máa fi èsì ìdánwò ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí àwọn ojú ewé kan. Wọ́n tún ń dẹ́rù bà á pé olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè gba ibi tí wọn kò tọ́jú mọ́ wọlé sínú rẹ̀. Ohun tó wà ní apá kejì kò ju ẹyọ kan lọ: ohùn yẹn. Èmi kò rí i bí ohun tó wúwo. Wọ́n ti yí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tiwa sí tuntun. Ariwo tí a pa kó tó ṣẹlẹ̀ kò kéré, ìgbà tó sì ṣẹlẹ̀ tán, àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló yí padà. Mo ti la odò kan kọjá, mo sì rò pé gbogbo odò ló mu dé orúnkún.

Síbẹ̀ mo bi obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ó yẹ kí ohùn náà bá a lọ,” ló wí. “Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo nǹkan wọn pamọ́ síbòmíràn o. Tí ẹ bá sì lè mú un wá kí n wò ó, á dáa.”

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, “Wọ́n ní ó máa bá a lọ.” Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo yọ níbẹ̀, mo yọ “yẹ”. Mi ò pè é ní irọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni mo fún un.

Ó ní, “Kò burú. Jẹ́ kí n parí ìdánwò àwọn ọmọ yìí ná. Tí a bá gba ọlidé, wàá wá, a ó jọ jókòó tì í. Ìwọ á máa wò, èmi á máa tẹ́tí.”

Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, kí ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ kí i. Wọ́n ń sin tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti wá fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi ìsìn. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo gbálẹ̀, mo sebẹ̀, mo fọ aṣọ rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè ṣe, mo ṣí kọ̀ǹpútà náà, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kó má bàa dí mi lọ́wọ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí i náà ló kọ́kọ́ yọ sí mi lójú, bọ́tìnnì méjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, “gbà” àti “ó di ìgbà mìíràn”.

Iná wà. Dátà wà lórí fóònù mi. Mo rò ó pé kó tó dé, màá ti ṣe é tán, ẹ̀rù tó ti ń bà á láti ọjọ́ yìí á di ohun tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo tẹ “gbà”.

Ó ṣe díẹ̀, kọ̀ǹpútà náà tún bi mí léèrè. Ó ní ètò kan wà nínú òun tí kò lè bá tuntun ṣiṣẹ́, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ṣé kí òun yọ ọ́. Mi ò mọ orúkọ náà rí. Láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, “ohùn” la máa ń pè é, a ò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Mo tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”.

Ó ti ń lọ sí nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n mi padà dé. Kọ̀ǹpútà náà ti tàn, ojú rẹ̀ ń dán.

“O kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Òórùn ọbẹ̀ yìí ti ń pè mí láti ìta.”

“Ẹ kú àbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ wá ná, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fún yín.”

Mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí tábìlì. Inú mi ń dùn. Ó jókòó, ó nu ìka sára ṣòkòtò, ó gbé e lé àwọn bọ́tìnnì. Ó tẹ ọ̀kan. Ó tẹ òmíràn. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè, ó tẹ̀ ẹ́ léraléra. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó gbé etí sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ọmọ tó sùn ṣì ń mí.

“Ṣé kò síná ni?”

“Iná wà, sà.”

“Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?”

Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé ó bi ọ́ ní nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ ètò kan.”

“Kí lorúkọ ètò náà?”

Mo pè é bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń yọwọ́ lójú òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé.

“Òun nìyẹn,” ló wí.

A ò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé kọ̀ǹpútà náà, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Owódé, mo gbé e lé itan títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin ọ́fíìsì wa kò sí nílé. Bàbá ọkọ rẹ̀ kú, ó ti gba ààyè lọ sí Ìkòyí-Ilé fún ìsìnkú, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ ní àdúgbò Tákíè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á tún bà á jẹ́ sí i. Mo ní màá dúró dè é, mo ní ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, kò sóhun tó ń lé wa. Ọjọ́ kẹtàlá ló tó padà síbi iṣẹ́.

“Ọjọ́ wo lẹ ṣe é, Mà?” ló bi mí.

Mo sọ fún un. Ó jókòó.

Ó ní tí èèyàn bá ti yí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó máa ń fi gbogbo ti àtijọ́ pamọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, bóyá onítọ̀hún á fẹ́ padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, bọ́tìnnì kan péré lèèyàn máa tẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀.

“Ká ní ẹ gbé e tọ ẹnikẹ́ni lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́...” Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi náà kò ní kó parí rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló fi wá ohùn náà. Àwọn tó ṣe ètò ohùn náà kò ṣe irú ti àtijọ́ yẹn mọ́, àwọn orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọ sì ti bá a lọ. Ó bá mi fi òmíràn síbẹ̀. Ohùn obìnrin ni, ó dùn létí, ó já gaara. Mo gbé e padà sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìrètí díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé orúkọ kíláàsì rẹ̀. Ohùn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ń fi ìró ẹsẹ̀ dá mọ̀, di àjèjì lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dá a dúró. Ó gbọ́ ọ láti orúkọ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn.

“Màá ràn yín lọ́wọ́,” ni mo wí. “A ó jọ tún wọn kọ, Bọ̀dá mi. Gbogbo Sátidé ni màá máa wá.”

Ó mi orí. “Ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú mi fọ́, mi ò mọ ẹni tí mo lè bá wí. Ìgbà kejì rèé, Ìyá Ìbejì.”

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló bá a fi èsì ìdánwò náà ránṣẹ́ ní táàmù yẹn. Wọ́n ní ṣe ló jókòó tì í, ó gbọ́wọ́ lé itan, ẹni yẹn ń pe orúkọ, òun ń sọ máàkì. Ó ṣì ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, ó kọ ìwé pé òun fẹ́ máa lọ. Ìgbà tí ìwé náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó sọ fún mi.

Nígbà òjò, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

“Dìde,” ló wí. “Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Àmọ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé torí tèmi lo fi ṣe é. Mo ní kí o dúró, ara rẹ ni kò gbà á.”

Òótọ́ ni. Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí nìyẹn, pé torí rẹ̀ ni. Ó ti gbọ́ ọ.

Mo tún lọ kí i lóṣù tó kọjá. A sọ̀rọ̀ nípa òjò, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìbejì mi tó ti wọ yunifásítì. Mo rí lẹ́tà kan lórí tábìlì tí wọ́n ti ṣí, láti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì. Tẹ́lẹ̀, tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, á fi í pamọ́ di ìgbà tí mo bá wá.

“Ta ló ka èyí fún yín, Bọ̀dá mi?”

“Aránṣọ tó wà níwájú ilé. Ó máa ń wá láàárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.”

“Ẹ ò bá dúró dè mí.”

“Ó sún mọ́ mi jù ọ́ lọ,” ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dìde, ó tọ ògiri lọ bu omi wá fún mi, mo sì mu ún.