Bàbá Télọ̀ àti Ìwọ̀n Orí Fàòsíyà

Títí di òní, bí èèyàn bá dárúkọ Bàbá Télọ̀ ní Èjìgbò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni ti ọjọ́ tó fi téèpù wọn orí dókítà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ gan-an á máa sọ ọ́ bíi pé òun ló di òdìkejì téèpù náà mú. Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà: Bàbá fúnra rẹ̀, dókítà eyín tó ń jẹ́ Ayọ̀díjí, àti Fàòsíyà, ọmọ ọmọ Bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fàòsíyà nígbà náà, ojú sì tì í débi pé ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ilé ìtọ́jú eyín kan ní Òṣogbo ni. Wọ́n ti mú Fàòsíyà dúró nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ti fi ọ̀pá kékeré méjì há a létí kí orí rẹ̀ má baà mì, wọ́n sì ti ya àwòrán egungun orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà gbé àwòrán náà kọ́ sójú iná, ó mú pẹ́ńsù àti rúlà, ó fi àmì kan sí àárín agbárí, ọ̀kan sí ìdí imú láàárín ojú méjèèjì, ọ̀kan sí àgbọ̀n òkè. Ó fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, ó wá wọn igun tí àwọn ìlà náà ṣe.

“Ẹ wò ó, Bàbá. Igun yìí, méjìlélọ́gọ́rin ló yẹ kó jẹ́. Ti Fàòsíyà jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé àgbọ̀n òkè rẹ̀ yọ síwájú jù. A máa yọ eyín mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kí àyè lè wà tí a ó fi fi wáyà fa ẹnu rẹ̀ padà sẹ́yìn.”

Inú Fàòsíyà dùn. Ohun tó ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti dìde, ó ti lọ fi imú kan àwòrán náà, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé àǹkárá ayédèrú fún.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni méjìlélọ́gọ́rin?”

“Kí lẹ wí, Bàbá?”

“Mo ní ta ló ni ín. Nọ́ńbà kì í dá wà. Bí mo bá pe ogójì ní ṣọ́ọ̀bù mi, àyà ẹnì kan ló jẹ́ ogójì. Méjìlélọ́gọ́rin tiyín yìí, orí ta ni wọ́n ti rí i?”

Dókítà họ orí. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ìwé tí òun ń lò, òyìnbó ló kọ ọ́, orí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ wọn náà ni wọ́n sì wọ̀n.

“Òyìnbó!” Bàbá kì í bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, abẹ́ agbádá ló gbé e sí láti Èjìgbò dé Òṣogbo. Ó fà á yọ. “Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má mira.”

Kí Dókítà tó lanu, téèpù ti gba etí rẹ̀ dé ìdí imú, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n. Bàbá yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó kọ iye rẹ̀ sétí tábìlì, ó sì mi orí pẹ̀lú àánú.

“Dókítà, ẹnu tiyín náà yọ síta. Ta ló máa bá yín yọ mẹ́rin tiyín?”

Ẹni tó bá ti mọ Bàbá tẹ́lẹ̀, èyí kò lè yà á lẹ́nu. Ràmọ́nù lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ránṣọ ní Àbíjàn kó tó padà sílé, ẹrù tó sì gbé bọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, èdè Faransé tí kò pé, àti òfin kan ṣoṣo: a kì í fi ìwọ̀n àgbọ́sọ gé aṣọ. Ara kì í dúró sójú kan, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bó bá wọ̀n ọ́ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó o padà wá lọ́jọ́ Iléyá, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó o lè bẹ̀ ẹ́ tí kò ní tún ọ wọ̀n. Imáàmù gan-an kò bọ́ níbẹ̀.

Ọkọ ìyàwó kan wà ní Masífà, Oyèṣọlá lorúkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó ní iṣẹ́ kò jẹ́ kóun ráàyè wá. Bàbá pè é padà.

“Jamais! Láéláé! Èmi kì í ránṣọ fún fóònù. Bí fóònù yín bá fẹ́ ṣòkòtò, ẹ gbé e wá kí n wọ̀n ọ́n.”

Oyèṣọlá gun ọ̀kadà wá, ó ń bínú bọ̀ láti Masífà. Bàbá ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó fi téèpù yí i nídìí, ó wo nọ́ńbà, ó wo èyí tó fi ránṣẹ́, ó rí i pé ínṣì méje ló fi ju ara wọn lọ.

“Ìwọ̀n ọdún wo lẹ fi ránṣẹ́ sí mi?”

Ọkùnrin náà wolẹ̀. “Ti ìgbà tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì ni, Bàbá.”

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Wàlíyátù, ìyá Fàòsíyà, ní kó sin ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Fàòsíyà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà o. Láti Òṣogbo títí wọ́n fi dé gáréèjì Èjìgbò, fèrèsé bọ́ọ̀sì ló kọjú sí. Odindi ọdún kan ló fi bẹ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ méjì gun ara wọn, ẹnu rẹ̀ sì yọ. Níléèwé, bó bá ti ń wọ kíláàsì, àwọn kan á ní, “Ẹnu Fàòsíyà ti dé, ẹ jẹ́ ká dúró de Fàòsíyà.” Ó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí wọ́n lè gbàgbé rẹ̀, wọn ò gbàgbé. Nígbà tí ọ̀nà wá là, Bàbá fi téèpù dí i.

Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì ló yíjú sí i.

“Bàbá, ẹnu yín ni wọ́n fi ń bú mi! Ẹnu tẹ́ ẹ fún mi ni!”

Òótọ́ ni. Ẹnu Bàbá yọ, ó yọ dáadáa. Ibẹ̀ ló máa ń kó abẹ́rẹ́ sí bó bá ń ṣiṣẹ́, á há wọn sáàárín ètè méjèèjì, á sì tún máa bá oníbàárà jiyàn. Ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu fi ọwọ́ bo ẹnu náà, ó sì gba ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ kejì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta ó ṣí i, ó wọn oníbàárà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún un wọ̀n. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Dókítà Ayọ̀díjí pe fóònù Wàlíyátù. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n sì jọ̀ọ́, kí wọ́n mú Bàbá wá. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ó kó ìwé jọ sórí tábìlì.

“Bàbá, ìbéèrè yín ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ wò ó, àwọn dókítà eyín ọmọ Nàìjíríà ti wọn orí àwọn èèyàn wa náà. Ó yẹ kí n ti wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú èyí, àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Fàòsíyà bọ́ sí, kò yọ jù rárá. Kò pọn dandan ká yọ eyín kankan. Èyí tó gun ara wọn nìkan la máa fi wáyà tò.”

Bàbá fẹ́ fò sókè, ṣùgbọ́n Dókítà ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó kọjú sí Fàòsíyà.

“Àmọ́ tó o bá ṣì fẹ́ kí ẹnu ẹ wọlé, a lè ṣe é. Kì í ṣe àìsàn lò ń ṣe, bó o ṣe fẹ́ rí ni. Ìwọ lo máa sọ.”

Gbogbo wọn wo Bàbá. Wàlíyátù ti ń múra sílẹ̀ fún ìjà. Bàbá di téèpù mú lọ́wọ́ méjèèjì.

“Ẹ má wò mí. Ẹni tó máa wọ aṣọ ló ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣùgbọ́n Dókítà, kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ya tèmi náà. Ó yẹ kó rí ohun tó fẹ́ gé.”

Dókítà ní ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun eré, a kì í tan án sára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

“Nǹkan ń ṣe mí. Eyín ń dùn mí.”

“Èwo nínú wọn, Bàbá?”

Bàbá lanu, ó nawọ́ sí ibi tí kò ti sí eyín.

Ẹ̀rín pa Dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tanná síbẹ̀, ó rí kùkùté eyín kan tó ti jẹrà sínú erìgì. Ó ní àwòrán di dandan. Bàbá jáde nídìí ẹ̀rọ tòun ti ìyangàn, bíi pé ó ti mọ̀ nípa kùkùté náà láti ọjọ́ yìí.

Dókítà fa ìlà sórí ti Bàbá bó ṣe fà á sórí ti Fàòsíyà. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó wá fi àwòrán kan lé ìkejì lójú iná, ìlà lé ìlà.

“Voilà! Ẹ ò rí i!” ni Bàbá ké, àwọn aláìsàn tó jókòó níta sì dìde dúró.

Fàòsíyà sún mọ́ ọn. Ojú méjì ló wà níwájú rẹ̀, kò sí awọ lára ìkankan, bí kì í bá ṣe ti eyín tó ti yọ lẹ́nu ọ̀kan, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tòun. Ó rò ó pé láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, òun ò rí ọjọ́ kan tí òun wo Bàbá tí òun sọ pé ojú rẹ̀ kò dáa. Ojú náà ló máa ń wá bí ara rẹ̀ ò bá yá. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

“Ẹ fi ẹnu mi sílẹ̀,” ló wí. “Ẹ kàn bá mi to méjì tó gun ara wọn yẹn.”

Bàbá kọjú sí ògiri, ó ní òun ń wo nọ́ńbà téèpù. Wàlíyátù rí i pé etí téèpù náà ló fi ń nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìrìn àjò náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, dókítà kan ló wọ̀n. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, dókítà ti di mẹ́rin, ọ̀gá wọn sì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí Fàòsíyà bá ní, “Bàbá, mo wà níbẹ̀ o,” á ní ọmọdé ni, kò rí gbogbo rẹ̀. Ó wá gbé àwòrán egungun orí rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ti lè tàn án. Àwọn obìnrin méjì tó gbé aṣọ wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn rí i, wọ́n dúró sí títì.

“Bàbá, ṣé orí èèyàn kọ́ nìyẹn?”

“Orí mi ni.”

Wọn ò dúró gba àlàyé, wọ́n sáré lọ bá ọ̀kadà tó gbé wọn wá. Imáàmù fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀, pé ó ń dẹ́rù ba àwọn tó ń lọ kírun. Bàbá ní fọ́tò ni.

“Fọ́tò tí gbogbo yín ń yà, awọ ló mọ. Tèmi wọ egungun.”

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, ó gbà láti máa fi aṣọ bò ó láago ìrun.

Ọdún tó kọjá ni Bàbá Télọ̀ kú, nígbà ọyẹ́, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó ránṣọ títí di ọjọ́ tó kù ọ̀la kó kú. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gé aṣọ òkú rẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wojú ara wọn, wọ́n sì tún un wọ̀n, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bó bá ṣì, á dìde bá wọn jà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n ń ṣe àdúrà fídáù, ilé kún. Fàòsíyà, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló ń gbé omi fún àlejò. Ìyá àgbàlagbà kan yọ lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é, ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà láti Àbíjàn. Òun àti Bàbá jọ gbé àgbàlá kan náà lọ́hùn-ún. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti rí ara wọn kẹ́yìn. Kò mọ ilé náà, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó sì ń wò káàkiri bóyá òun ti ṣìnà.

Fàòsíyà kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ̀ ń wá?”

Ìyá Àbẹ̀bí tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó sọ báàgì kalẹ̀ láìwo ibi tó bọ́ sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọmọbìnrin náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lára láti ìdí imú dé ètè, díẹ̀díẹ̀.

“Ràmọ́nù,” ló wí. “Áà, Ràmọ́nù. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń sunkún pé mi ò ní rí ẹ mọ́.”