Èèwọ̀ Tí Mo Dá Sílẹ̀ Lójú Òkun

Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó lé wa ní Gáná tí dókítà kan ní Àkrà ti sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ òkun dára fún ọmọ tó bá ní ikọ́ fée. Mo bi í pé níbo ni obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní Kotobabi ti fẹ́ ráyè jókòó gba afẹ́fẹ́ òkun. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ pé ìjọba máa bá wa dá sí i. Nígbà tó di ìparí ọdún 1969, òfin jáde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gáná sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èmi àti Sídíkátù ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ṣe wọ ọkọ̀ òkun nìyẹn. Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó máa ń san owó gọbọi láti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbafẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìgbafẹ́ tiwa fún yín.

Bàbá Sídí, ọkọ mi, ló pín wa sí méjì. Ó ní kí òun àti ẹrù gba ojú títì, kí èmi àti ọmọ gba ojú omi. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, eruku ti gba ojú ọ̀nà, wọ́n sì ní àwọn lọ́rì tò sí ẹnubodè Aflao bí ẹni to igi, tí gbogbo wọn ń tú èéfín. Ikọ́ fée kì í bá eruku àti èéfín ṣeré. Ọkọ mi ní, “Ìyá mi ò tíì rí ọmọ yìí rí. Bí nǹkan bá ṣe é lójú ọ̀nà, kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ?” Mo ní kó yé sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn, n kò sì sùn lóru ọjọ́ náà.

A kúrò ní Kotobabi kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Trotro la wọ̀, ìyẹn lọ́rì onípákó tí wọ́n fi ń kó èrò ní Gáná. Ogún pẹ́sẹ́wà ni wọ́n ń gbà dé èbúté Tema tẹ́lẹ̀; lọ́jọ́ náà, àádọ́ta ni. Ọṣẹ dúdú ni mo ń tà, méjìlá péré ló sì ṣẹ́kù sínú agbọ̀n mi. Àwọn ará Gáná ń pe ọṣẹ náà ní alata samina, èyí tí í ṣe ọṣẹ Alata, àwa Yorùbá sì ni wọ́n ń pè ní Alata. Nígbà tí a dé Tema, awakọ̀ wo inú agbọ̀n, ó sì fi èdè Twi bi mí bóyá mo ṣì ń tà. Ó ra méjì. Ó ní ìyàwó òun kì í fi ọṣẹ mìíràn wẹ ọmọ. Alata ń lọ, ọṣẹ Alata ń dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá mi gbé àpótí mi sọ̀ kalẹ̀.

Òkè ọkọ̀ níta gbangba ni wọ́n fi wá sí, olúkúlùkù tẹ́ ẹní tirẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, ọmọ Ọ̀fà, wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Bàbá arúgbó kan wà lọ́wọ́ òsì, ó fi fìlà bojú, ó ń jẹ kẹ́ńkè, ìyẹn ẹ̀kọ líle àwọn ará Gáná, pẹ̀lú ẹja díndín. Bó bá jẹ́ ilé ni, ǹ bá béèrè ìlú bàbá náà, ilé wọn àti orúkọ bàbá wọn kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n mi orí, mo sì jókòó láì béèrè nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Dókítà ti fún mi ní hóró oògùn funfun méje nínú ìgò kékeré kan. Ó ní bí àyà bá ká Sídí mọ́, kí n fún un ní ìlàjì hóró kan. Ó ní kò gbọdọ̀ fa èéfín kankan símú, n kò sì gbọdọ̀ da oògùn mìíràn mọ́ èyí tí òun fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wò mí bí ẹni tó ti bá àwọn Alata pàdé rí.

Ọkọ̀ kò tíì jìnnà sí èbúté tí Sídí fi wúkọ́. Ní Kotobabi, bí ọmọ bá wúkọ́, aládùúgbò á kí ìyá rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́. Nínú ọkọ̀ yìí, Yorùbá tó kún lọ súà ló jókòó, kò sì sẹ́ni tó níṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbé àdí wá, ó ní kí n fi pa á láyà. Ẹnì kejì ní omi ìgbín ló dáa. Ẹnì kan ní kí ó jẹ alùbọ́sà ní tútù. Ààfáà kan láti Ìlọrin ti ń wá tádàá láti kọ hàǹtú fún un. Mo ń dúpẹ́, mo ń gbà á, mo ń kó o sí ẹ̀yìn àpótí. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí Ìyá Ọ̀fà tó ti tan èédú sínú ìkòkò kékeré kan, tó ń já egbò gbígbẹ sí i.

Wọ́n ní, “Gbé e wá, ọmọ mi. A ó da aṣọ bò ó lórí, á fa èéfín rẹ̀ símú dáadáa. Gbogbo ọmọ ọmọ mi ló fa èyí.”

Dókítà ní kò gbọdọ̀ fa èéfín símú. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà kì í ṣoore kí ọmọdé sọ pé òun kò fẹ́. Bí mo bá sọ pé dókítà ló ní ká má ṣe é, wọ́n á bi mí pé ọmọ mélòó ni dókítà náà ti tọ́. Yorùbá lè bá dókítà jiyàn, ó lè bá ọlọ́pàá jiyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í bá èèwọ̀ ilé onílé jiyàn. Ibẹ̀ ni mo gbà.

Mo ní, “Ẹ forí jì mí, mà. Èèwọ̀ ilé ọkọ mi ni. Wọn kì í lo oògùn lójú omi.”

“Háà!” Ìyá Ọ̀fà bu omi pa iná náà lójú ẹsẹ̀. “Kí ló dé tí o ò tètè sọ?”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí ọkọ̀ kí n tó mí kanlẹ̀. Ọkùnrin kan wá béèrè bí èèwọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní ilé Oníkẹ̀kẹ́ ni ilé ọkọ mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní bàbá ńlá wọn ló ń sọdá odò Ọya pẹ̀lú oògùn lẹ́nu, ni ọkọ̀ bá dúró gbagidi láàrin odò, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn, àfi ìgbà tó tu oògùn náà dànù. Ìtàn náà dùn mọ́ èmi alára. Mo rí i tí bàbá ọwọ́ òsì ṣí fìlà kúrò lójú, tó wò mí fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún fi fìlà bojú padà.

Láti ìgbà náà lọ ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún wa. Wọ́n wá kó gbogbo oògùn wọn padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ẹni tí orí ń fọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ kó tó gbé oògùn mì. Ọkùnrin kan tí òòyì òkun ń kọ́, tó ní oògùn èébì nínú àpò, ní òun kò ní í lò ó nítòsí ọmọ èèwọ̀. Ó ń bì láti ìyálẹ̀ta títí di àṣálẹ́, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Sídí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gáná ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ní Kotobabi, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré máa ń pè é ní Alata, kò sì mọ ohun tó wà nínú jíjẹ́ Alata ju ọṣẹ lọ.

Ó bi mí pé, “Dádì náà kì í lo oògùn lójú omi?”

“Wọn kì í lò ó.”

“Grandma tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?”

“Wọn kì í lò ó.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orí lé itan mi. Ó ní, “Èmi náà, mi ò ní í lò ó.” Inú rẹ̀ dùn gan-an ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a rí Èkó lókèèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró lójú omi kí ó retí àṣẹ. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé, àwọn ológun ló ń ṣọ́ èbúté. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, afẹ́fẹ́ yí padà, èéfín ọkọ̀ sì wálẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀. Kí n tó fi aṣọ bo Sídí nímú, àyà rẹ̀ ti ń súfèé. Ihò ọrùn rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Èjìká rẹ̀ ń gòkè sí etí. Mo gbé e sá lọ sí ibi tí èéfín kò dé, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé wa, mo sì dá hóró oògùn kan sí méjì.

Sídí pa ẹnu rẹ̀ dé.

“Lanu, ọmọ mi.”

Ó mi orí. Ó ní, “Akyiwadeɛ... ni.” Bí àwọn ará Gáná ṣe ń pe èèwọ̀ nìyẹn.

Mo kígbe níwájú gbogbo wọn pé, “Irọ́ ni mo pa! Sídí, kò sí èèwọ̀ kankan. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀!” Ìyá Ọ̀fà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú ìbá tì mí, ṣùgbọ́n kò sí àyè ìtìjú.

Ọmọ náà kò gbà. Ó ń mí, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Ẹ ní... abẹ́rẹ́... ò ní dùn mí. Ó dùn mí.” Ó tún mí. “Tó bá ti jẹ́ oògùn... ẹ máa ń parọ́.”

Òótọ́ ni. Kò sí ìyá tó ti fún ọmọ ní oògùn tí kò parọ́ rí. Mo fẹ́ fi ipá la ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù bà mí kó má lọ há a lọ́nà ọ̀fun. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo bú sẹ́kún, mo ń pe Ọlọ́run, oògùn wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí nǹkan fi í ṣe.

Bàbá tó ń fi fìlà bojú ló dé ẹ̀gbẹ́ mi.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, fún mi ní oògùn náà.”

Wọ́n gba hóró náà, wọ́n jókòó ti Sídí. “Èmi ni Àlàbí, ọmọ ilé Oníkẹ̀kẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́. Kùmásí ni mo gbé láti ogójì ọdún. Bàbá bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ta ló sọ fún ọ pé a kì í lo oògùn lójú omi?”

Sídí nawọ́ sí mi.

Bàbá ní, “Òótọ́ ni wọ́n sọ.” Mo la ẹnu sílẹ̀, mi ò lè pa á dé. “Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ tán. Ìyàwó ni wọ́n, ìyàwó kì í mọ èèwọ̀ ilé tán. Ẹni tí àgbà ilé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún lóògùn, kò sí nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ yìí, èmi ni àgbà ilé.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ètùtù rẹ̀ sì jẹ́ ọṣẹ dúdú mẹ́ta. Ọwọ́ ìyàwó tí ò sọ ọ́ tán la ó ti gbà á.”

Mo kúnlẹ̀, mo ka ọṣẹ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wọn. Sídí wo ọṣẹ náà, ó wo bàbá, ó sì la ẹnu.

A dúró tì í. Nígbà tó ṣe, èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, súfèé náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, ètè rẹ̀ sì pọ́n padà. Ó ní òun fẹ́ jẹ kẹ́ńkè. Mo tún sunkún, ṣùgbọ́n ti ayọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó ti ń bì láti àná wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àlàbí, ó ní bóyá wọ́n lè bá òun fọwọ́ kan oògùn tòun náà.

Nígbà tí ojú dá, mo ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa láti àná. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?”

Wọ́n ní, “Mo rí ìkòkò èéfín yẹn. Bí o ò bá pa irọ́ náà, èmi ni ǹ bá pa á.” Wọ́n na ẹsẹ̀. “Orúnkún ti ń dùn mí láti àná. Ìpara wà lápò mi, mi ò lè fi pa á. Èèwọ̀ ilé wa ni.”

Ọ̀sán ni a sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá. Àwọn ológun tú àpótí àti agbọ̀n mi, wọn kò rí ju aṣọ àti ọṣẹ lọ. Ṣílè ni wọ́n ń ná nílé nígbà náà. Mo fi ọ̀kan ra ọsàn mẹ́wàá, èyí tó dùn ju ti Àkrà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Bàbá Àlàbí yà sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Mushin. Kí a tó pínyà, wọ́n fún Sídí ní ọ̀kan nínú ọṣẹ ètùtù náà, wọ́n kó méjì yòókù sápò. Ìlàjì hóró oògùn kan ni Sídí tún lò nínú lọ́rì tó gbé wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì bá mi jiyàn, nítorí orí ilẹ̀ la wà.

Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn àgbà ilé sì jókòó yí wọn ká. Àwọn ọmọdé ti ń pe Sídí ní ọmọ Gáná kó tó dé àárín ilé. Ó kúnlẹ̀, orúnkún kan ṣoṣo ló kan ilẹ̀.

Ìyá àgbà ní, “Ọmọ Gáná, kí lo mọ̀ nípa ilé bàbá rẹ?”

Sídí dìde dúró. Ó ní, “A kì í lo oògùn lójú omi. Àfi tí àgbà ilé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wa.”

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ìyá ọkọ mi wò mí, mo wolẹ̀. Wọ́n fa ọmọ náà mọ́ra, wọ́n gbé etí lé e láyà, wọ́n sì gbọ́ súfèé tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé orí sókè.

Wọ́n wí fún àwọn tó jókòó pé, “Ẹ ò rí nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ti gbàgbé. Ọmọ tó ti Gáná dé ló wá rán yín létí.” Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Ọ̀kan ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi, mo máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ parọ́ láàrin Yorùbá, kó kọ́kọ́ béèrè ìlú ẹni tó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé èmi kò béèrè.

Lọ́jọ́ kẹrin tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi tó dé, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọn ò tíì fún un lómi tí ìyá rẹ̀ fi bi í bóyá ó mọ èèwọ̀ ilé wọn nípa oògùn lójú omi. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó wo Sídí tó ń sáré yí ká àgbàlá láì súfèé. Ó ní bàbá òun ló sọ ọ́ fún òun nígbà tí òun wà ní kékeré.