Bí A Ṣe Ń Ṣe Òkú Lórí Ìtàgé

Ikùn òkú náà ló mú mi. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adó. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìtàn opó inú Bíbélì ṣeré, opó tí Olúwa jí ọmọ rẹ̀ dìde nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sin. Ọmọṣẹ́ télọ̀ kan ló ṣe ọmọ náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga pósí, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Èmi ń wo ikùn rẹ̀. Ó ń ga, ó ń wọlẹ̀, bíi ti ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Eṣinṣin kan bà lé e nímú, ó sì fẹ́ ẹ dànù. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó bí n ó ṣe ṣe é tí ikùn náà kò fi ní mì.

Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni mí nígbà yẹn, èmi àti ìyá mi nìkan la sì jọ ń gbé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti túká, mo máa ń tẹ́ ẹní sínú kíláàsì, n ó dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní Adó, nítorí náà mo kọ́ ara mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òkú máa ń dá èémí dúró. Àṣìṣe ni. Èyí tí yóò mí lẹ́yìn náà yóò tóbi débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò rí i. Kí wọ́n fi ọ̀já di àyà rẹ pinpin lábẹ́ aṣọ, kí o máa mí díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ìgbà tí èrò bá ń kọrin kíkankíkan ni kí o mí, torí ẹni tó la ẹnu sílẹ̀ kì í wo nǹkan dáadáa. Ìparí ìlà, tí àwọn náà dúró mí, ni ojú wọn máa ń là. Ẹyinjú máa ń rìn lábẹ́ ìpéǹpéjú, àfi tí o bá ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo àgbọ̀n ara rẹ̀. Itọ́ ló burú jù. Má gbé e mì. Yí ojú sí ọ̀nà ògiri, kí ó máa ṣàn síbẹ̀.

Ẹsẹ orin ni mo fi ń wọn ara mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ipò náà, ẹsẹ kan péré ni mo lò kí ọ̀fun mi tó mì. Lọ́dún kejì, mo lo mẹ́rin. Bàbá kan wá bi mí lẹ́yìn eré pé oògùn wo ni mo jẹ.

Ẹsẹ̀ ló kù tí n kò mọ̀ bí yóò ṣe rí. Mo lọ bi gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan pósí. Ó ní ẹsẹ̀ òkú máa ń yà síta, bíi ti ẹni tó ti gbà fún wọn. Kí n tó délé, ó ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ń bẹ iṣu. Kò gbójú sókè.

“Wọ́n ní o lọ bèèrè bí ẹsẹ̀ òkú ṣe ń rí.”

“Fún eré ṣọ́ọ̀ṣì ni, Yèyé.”

“Òkú ọmọ mẹ́ta ni mo tẹ́ sílẹ̀ kí n tó bí ọ. Èmi ni ò bá bi.”

Ó ní bí mo bá tún dùbúlẹ̀ sínú aṣọ funfun, òun ń padà sílé bàbá òun ní Ìgèdè. Mo mọ̀ pé kì í halẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará Ìyìn ránṣẹ́ pé kí á wá ṣe eré náà fún àwọn. Tíṣà àgbà tó ń darí wa wá bẹ ìyá mi.

“Ìyá, ẹ wá wò ó fúnra yín. Ẹ ó rí i tí yóò dìde.”

“Ta ni yóò jí i?”

“Gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn ló ń ṣe Olúwa, mà.”

“Ẹni tó ń kan pósí?”

“Òun náà ni.”

Ìyá mi ní, “Ó fẹ́ràn ìtàkúrọ̀sọ. Ẹ sọ fún un kó má pẹ́ lọ́nà.”

Bó ṣe gbà nìyẹn. Bí ó bá lè wò ó títí tí n ó fi dìde, n ó máa ṣeré mi lọ, òun náà yóò sì wà nílé. Bí kò bá lè wò ó, ọ̀kan nínú méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Ìyìn, iwájú ló jókòó. Wọ́n tẹ́ mi, akọrin bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe opó ń ké, gèlè ti wọ́ bò ó lójú. Ẹsẹ kìíní lọ bí omi. N kò mí dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ kejì dé ìdajì, ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ mi mú. Àwọn èrò ń kọrin lọ. Wọ́n rò pé ara eré ni.

“Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ á lọ ulé.”

Bí ìyá mi ṣe ń jí mi láàárọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Èémí mi kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ó ń fà á. Nígbà tó tún fẹ́ sọ “Dìde,” ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́.

Mo dìde jókòó. Orin já. Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì wà níta pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú rẹ̀. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé, “Eléyìí ò dúró de Olúwa,” gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò gbọ́ wọn. Ó ń tú ọ̀já àyà mi.

A fẹsẹ̀ rìn padà sí Adó, ìyá mi kò sì lọ sí Ìgèdè. Wọ́n fi ipò náà fún akọ̀wé kan tó ń bá àwọn olókòòwò kòkó wọn kòkó. Tíṣà àgbà kò fi ìdí tó fi yàn án pa mọ́: ìyá ọmọkùnrin náà ti kú tipẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ.

Mo kọ́ ọ. Mo fún un ní ọ̀já náà, mo kọ́ ọ ní ti ẹyinjú, ti itọ́, ti ẹsẹ̀ tó yà. Bó bá ń ṣeré, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo máa ń dúró sí, n ó sì rí i pé èmi náà ti ń mí sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Bí mo bá délé, ìyá mi kì í bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀. Oúnjẹ mi á ti wà nílẹ̀.

Ní Àjíǹde tó kọjá yìí, akọ̀wé náà lo ẹsẹ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó rí i pé ó mí.