Ìbọn Bàbá àti Ewúrẹ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń rán mi lọ wa ekòló lẹ́yìn balùwẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá mi ni mo ń gbé ní Ìlá. Bàbá Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó bí mi, àmọ́ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé lọ́dọ̀ irú wọn mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í kúrò lára èèyàn. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, Bàbá kì í na ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n máa gbé jáde, oníkálukú á kọ sítétímẹ́ǹtì, á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọ̀ràn bá ṣí mọ́ lórí á lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò adìẹ, á nawọ́ sókè. Mo kọ púpọ̀ nínú ìwé yẹn.

Ọdẹ àti ẹja pípa ni Bàbá fẹ́ràn jù. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé ìbọn kọ́ èjìká, èmi á gbé agolo ekòló, ó di odò tó wà lọ́nà Ọ̀rà. Bí a bá rí àrọ̀ pa, Màmá, ìyá mi àgbà, á fi ata àti efinrin sè é, a ó fi jẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọwọ́ mi á máa rùn títí di ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè.

Èmi ni mo ń bá Bàbá ki okùn bọ ojú ìwọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn ń nà án sí mi. "Má sọ fún Màmá o." N kò sọ. Inú mi dùn pé èmi àti ọlọ́pàá jọ ní àṣírí.

Òfin kan ló wà: bí Bàbá bá ti gbé ìbọn sókè, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukù bolẹ̀, nǹkan pupa rúsúrúsú kan mì létí oko ẹ̀gẹ́. Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹtu." Èmi rí i kedere. Ewúrẹ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ, aládùúgbò wa, ni. Mo tiẹ̀ rí àkísà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Mo la ẹnu, mo rántí òfin, mo pa á dé. Ìbọn dún.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ náà, wọ́n fọwọ́ kan àkísà ọrùn rẹ̀.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ní ká má sọ̀rọ̀."

Mo rò pé wọ́n máa jágbe mọ́ mi. Ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n wá bi mí léèrè ẹni tó máa ń wá ṣẹ́gi níbẹ̀ láràárọ̀. Mo ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ ni." Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi, mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí a délé, Màmá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó mọ sílé, ta ló rí wọn? Bàbá fa ewúrẹ́ tiwa tó lóyún lọ fi rọ́pò èyí tó kú, wọ́n ṣí fìlà níwájú Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ìyá yẹn ní, "Bàbá, ẹran ṣáà ni, ó ti tán."

Kò tán. Bàbá gbé ìwé jáde. Mo ti ń wo ẹ̀gbẹ́ àgò adìẹ, àmọ́ wọ́n fi bíró lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ tàwọn. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mo mọ̀, n kò sì sọ." Mo fi ìka han ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí. A gbé ìbọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kékeré tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bàbá máa gbé e lọ sílé, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn? Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀, ọwọ́ wọn ń lọ sí èjìká tí wọ́n máa ń gbé ìbọn kọ́. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, ẹja nìkan ló kù, ìṣojú Màmá ni mo sì ti ń ki okùn bọ ìwọ̀.

Ẹja inú fírísà ni àwọn ọmọ tiwa mọ̀ báyìí. Ẹnu wọn kì í dákẹ́, mo sì máa ń ráhùn nípa rẹ̀. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Ìlá láti Ìbàdàn, èmi ni mo ń wa mọ́tò. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nítòsí Ọ̀tan. Òun ló ń bá mi ka àkọlé ẹ̀gbẹ́ títì láti ìgbà tí a ti gbéra. Lójijì ó kígbe: "Mọ́mì, ọ̀kadà!" Mo tẹ bíréèkì kí n tó rí i. Ọlọ́kadà náà kọjá, ó gbé ọmọ sẹ́yìn.

Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo ní, "Má sọ fún dádì ẹ o."

Ó wò mí. "Mo máa sọ, mà."

Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú wa dé Ìlá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ọmọ náà tó la ẹnu, mo ti na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí bàbá rẹ̀.